Bí A Ṣe Ń Mòòkùn Níbi Òkìtì Iyùn ní Bonaire: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Bẹ̀rẹ̀

Bí ẹ bá fẹ́ fi ojú ara yín rí iyùn níbi tó ti ń dàgbà nínú omi, ibi tí ẹ máa kọ́kọ́ lọ ṣe pàtàkì ju gbogbo irinṣẹ́ tí ẹ lè rà lọ. Òkun tí ìgbì rẹ̀ ń ru, tí ìṣàn abẹ́ rẹ̀ ń wọ́ ènìyàn lọ, kì í ṣe ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọ́ ìfarabalẹ̀. Bonaire ni mo máa ń dárúkọ fún ẹni tó bá bi mí. Erékùṣù kékeré ni, inú òkun Kàríbíánì ló wà, bí 80 kìlómítà sí àríwá Fẹnẹsúélà, abẹ́ ìjọba Nẹ́dálándì sì ni. Ìlà oòrùn ni ẹ̀fúùfù ibẹ̀ ti ń fẹ́ wá lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ọdún, nítorí náà etíkun apá ìwọ̀ oòrùn, tí erékùṣù náà fúnra rẹ̀ ṣíji bò, máa ń pa rọ́rọ́. Omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, láàárín ìwọ̀n 26 sí 29 Celsius, ó sì mọ́ gaara. Ìjì líle tó máa ń wó ilé ní ọ̀pọ̀ erékùṣù Kàríbíánì kì í sábà dé ọ̀dọ̀ wọn, torí gúúsù ọ̀nà tí ìjì náà ń gbà ni wọ́n wà.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni pé ẹsẹ̀ lẹ máa fi rìn wọ inú òkun. Ní ọ̀pọ̀ ibòmíràn, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé amòòkùn jáde, èébì á ti gbé ẹlòmíràn kó tó de sìlíńdà afẹ́fẹ́ tó ń gbé sẹ́yìn. Ní Bonaire, òkìtì iyùn, ìyẹn ibi tí iyùn kóra jọ sí nísàlẹ̀ òkun, sún mọ́ etíkun gan-an. Ẹ máa rí òkúta tí wọ́n kùn ní ọ̀dà yẹ́lò lẹ́bàá títì, tí wọ́n kọ orúkọ ibi ìmòòkùn sí lára. Ibi tí wọ́n sàmì sí lọ́nà bẹ́ẹ̀ yípo erékùṣù náà, pẹ̀lú àwọn ti Klein Bonaire, erékùṣù kékeré tí ẹnikẹ́ni kò gbé tó wà níwájú rẹ̀, lé ní 80. Ó ju ìdajì wọn lọ tó ṣeé wọ̀ láti orí ilẹ̀.

Ìdí tí iyùn fi ṣì wà níbẹ̀ ni pé wọ́n tètè dáàbò bò ó. Láti ọdún 1979 ni gbogbo omi tó yí erékùṣù náà ká, láti etíkun títí dé ibi tó jìn ní 60 mítà, ti wà lábẹ́ òfin ọgbà ìtọ́jú ohun alààyè inú òkun. Àjọ tó ń bójú tó o ni STINAPA. Ọkọ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdákọ̀ró sórí iyùn, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fi ọ̀kọ̀ pa ẹja níbẹ̀.

Kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú

Ọ̀nà méjì ló wà láti bẹ̀rẹ̀. Èkíní ni ìtọ́wò: olùkọ́ á kọ́ yín ní ìpìlẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀, á mú yín wọ omi, kò sì ní jẹ́ kí ẹ kọjá 12 mítà. Èkejì ni ẹ̀kọ́ Open Water, tó ń fún yín ní ìwé ẹ̀rí láti mòòkùn dé 18 mítà pẹ̀lú ẹnìkejì yín, láìsí olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀kọ́ náà ní ìwé kíkà, ìdánrawò nínú adágún ìwẹ̀, àti ìmòòkùn mẹ́rin nínú omi gidi. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ parí ìwé kíkà àti ti adágún ìwẹ̀ ní ìlú tí ẹ ń gbé, kí olùkọ́ yín kọ lẹ́tà tí ẹ máa mú dání, kí ẹ wá ṣe mẹ́rin tó kù ní Bonaire. Ọ̀pọ̀ àwọn ará wa tó ń kọ́ ọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, inú kòtò tí wọ́n ti wa òkúta rí tí omi kún ni wọ́n ti ń parí ẹ̀kọ́ wọn, níbi tí òtútù ti ń gbọ̀n wọ́n títí tí wọn kò fi ní ráyè ronú nípa ohun tí wọ́n kọ́.

Ẹ gbọ́dọ̀ lè lúwẹ̀ẹ́ 200 mítà láìdúró, kí ẹ sì lè léfòó fún ìṣẹ́jú 10. Bí ẹ kò bá tíì mọ̀ ọ́n wẹ̀, ẹ lọ kọ́ ọ ná. Ọ̀pọ̀ wa ló dàgbà nínú ilé tí wọ́n ti ń kìlọ̀ fún ọmọdé pé kó má ṣe sún mọ́ odò, ìfẹ́ ló sì wà nídìí ìkìlọ̀ náà. Kò sí ìtìjú nínú kí àgbàlagbà wọ kíláàsì ìlúwẹ̀ẹ́. Ewu tó wà níbẹ̀ ni kí ènìyàn gbé ìbẹ̀rù tí kò tíì yanjú lọ sí ìsàlẹ̀ òkun, torí ẹni tí ẹ̀rù bá bà ní 10 mítà á fẹ́ sáré gòkè, kò sì sí ohun tó ń ṣe amòòkùn ní jàǹbá tó bí ìsáré gòkè.

Fọ́ọ̀mù ìlera kan wà tí wọ́n máa fún yín. Ẹ má ṣe parọ́ sínú rẹ̀ nítorí kí wọ́n má bàa dá yín dúró. Ẹni tó ní ikọ́ fée, àrùn ọkàn, wárápá, tàbí tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún ní etí tàbí ẹ̀dọ̀fóró rí, gbọ́dọ̀ rí dókítà tó mọ̀ nípa ìmòòkùn kó tó sanwó. Aláboyún kò gbọdọ̀ mòòkùn rárá. Ìbéèrè kan tún wà tí ó yẹ kí àwa ọmọ Yorùbá bi ara wa, bí olùkọ́ kò bá tilẹ̀ béèrè: jẹ́nótáìpù wo lẹ ní? Òùngbẹ, àárẹ̀ àti àìtó ọ́síjìn lára máa ń jí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ló sì lè bá amòòkùn. Ẹni tó jẹ́ SS tàbí SC, kó má ṣe wọ omi láìjẹ́ pé dókítà tó mọ iṣẹ́ yìí yẹ̀ ẹ́ wò, kó sì mọ̀ pé lọ́pọ̀ ìgbà, dókítà náà máa ní kó má ṣe mòòkùn. Àwọn AS ń mòòkùn láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n kí wọ́n sọ fún dókítà, kí wọ́n mu omi dáadáa, kí wọ́n má sì ṣe fi agbára bá ìṣàn omi jà.

Ẹ wo ìwé ìdánilójú ìrìn àjò yín dáadáa, torí ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ni kò ka ìmòòkùn mọ́ ohun tí wọ́n máa sanwó lé. DAN, àjọ tó ń ṣe ìtọ́jú àwọn amòòkùn, ní irú tiwọn tó bá iṣẹ́ náà mu.

Irinṣẹ́: ohun tó yẹ kí ẹ rà, ohun tó yẹ kí ẹ yá

Awò ojú nìkan ni mo ní kí ẹ rà tiyín. Gbogbo ìyókù, ìyẹn regulator tí a fi ń mí, jákẹ́ẹ̀tì afẹ́fẹ́ tó ń gbé wa léfòó, sìlíńdà, bàtà lẹbẹ àti aṣọ rọ́bà, ẹ lè yá wọn níbẹ̀. Bí ẹ ṣe máa mọ awò tó bá yín mu nìyí: ẹ gbé e lé ojú láìfi okùn rẹ̀ kọ́ orí, ẹ fi imú fa atẹ́gùn díẹ̀, kí ẹ sì yọ ọwọ́. Bí ó bá lẹ̀ mọ́ ojú tí kò já bọ́, tiyín ni. Bí ó bá já, ì báà jẹ́ òun ló wọ́n jù nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹ dá a padà. Lára gíláàsì awò tuntun, ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ kan máa ń wà tó ń mú kí kùrukùru bò ó; ẹ fi ọṣẹ ìfọyín fọ inú rẹ̀ dáadáa ní ìgbà bíi mélòó kan kí ẹ tó rìnrìn àjò.

Ọ̀rọ̀ irun ṣe kókó. Bí ìdì irun kan ṣoṣo bá há sábẹ́ etí rọ́bà awò, omi á máa jò wọlé. Ẹni tó bá dirun kó di í sẹ́yìn pátá, kó má ṣe ta á jọ sí àtàrí tàbí ìpàkọ́ níbi tí okùn awò máa gbà, kó sì lo ìbòrí aṣọ rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń tà fún okùn náà, kó má bàa máa fa irun tu. Wíìgì kò bá omi yìí lọ. Ọkùnrin tó ní irunmú lókè ètè, kó gé apá tó sún mọ́ ihò imú kúrò tàbí kó fi òrí pa á.

Bàtà olówùú kò wúlò níhìn-ín. Bàtà rọ́bà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn ni kí ẹ yá, pẹ̀lú bàtà lẹbẹ tó ṣí lẹ́yìn tó ń wọ̀ sórí rẹ̀, torí àfọ́kù iyùn tó ti kú ló kún etíkun Bonaire, ó sì mú. Aṣọ rọ́bà tó nípọn ní mìlímítà 3 ti tó. Ìbọ̀wọ́ kò sí nínú rẹ̀: òfin ọgbà náà kà á léèwọ̀, torí ẹni tó bá wọ ìbọ̀wọ́ á fẹ́ di nǹkan mú. Ní ti oòrùn, ẹ wọ aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn dípò kí ẹ fi ìpara ra gbogbo ara. Àwọn èròjà bíi oxybenzone àti octinoxate inú ọ̀pọ̀ ìpara máa ń ṣe iyùn ní ìjàǹbá.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ lórí erékùṣù

Ẹ san owó ọgbà fún STINAPA, ó ṣeé san lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó dé. Dọ́là Amẹ́ríkà ni wọ́n ń ná níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbọ́dọ̀ lọ gbọ́ àlàyé òfin ní ilé iṣẹ́ ìmòòkùn kan, kí ẹ sì ṣe ìmòòkùn àyẹ̀wò níwájú etíkun wọn. Àwọn kan máa ń kùn pé ó ń fi àsìkò ṣòfò. Lójú tèmi, òun ni ìmòòkùn tó wúlò jù nínú gbogbo ọ̀sẹ̀, torí ibẹ̀ lẹ ti máa mọ iye òjé tó yẹ yín.

Òjé ni ìwúwo tí a ń so mọ́ra kí a lè rì. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ń so òjé pọ̀ jù mọ́ lára, torí olùkọ́ tó ń kánjú fẹ́ kí wọ́n tètè rì. Òjé tó pọ̀ jù á mú kí ẹsẹ̀ yín máa fà sísàlẹ̀, ẹ̀yin á máa fọn afẹ́fẹ́ sínú jákẹ́ẹ̀tì láti fi dí i, afẹ́fẹ́ inú jákẹ́ẹ̀tì á máa fẹ̀ tàbí kó sún kì nígbàkigbà tí ẹ bá yí ìjìnlẹ̀ padà, ẹ ò ní lè dúró sójú kan. Bàtà lẹbẹ yín á máa gbá iyùn. Àyẹ̀wò náà rọrùn: ẹ dúró nínú omi tó ju yín lọ, ẹ tú gbogbo afẹ́fẹ́ inú jákẹ́ẹ̀tì dànù, ẹ fa èémí mímọ níwọ̀n, kí ẹ dúró jẹ́ẹ́. Omi gbọ́dọ̀ dé ojú yín gẹ́lẹ́. Bí ẹ bá mí síta, kí ẹ máa rì díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá rì ṣáájú kí ẹ tó mí síta, ẹ yọ òjé kan. Òjé tí ẹ lò nínú adágún ìwẹ̀ kò ní tó, torí omi iyọ̀ ń gbé ènìyàn léfòó ju omi lásán lọ. Ẹ tún rántí pé sìlíńdà alùmíníọ̀mù máa ń fúyẹ́ sí i bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ṣe ń tán, nǹkan bíi kìlógíráàmù 2, nítorí náà ẹ tún àyẹ̀wò yìí ṣe nígbà tí ẹ bá ń padà bọ̀.

Ẹ yá ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù, òun ló ń gbé sìlíńdà. Ẹ má fi nǹkan olówó sílẹ̀ nínú rẹ̀ nígbà tí ẹ bá wọ omi. Àwọn tó mọ ibẹ̀ máa ń fi wíńdò sílẹ̀ ní ṣíṣí kí olè lè rí i pé kò sí nǹkan kan, kó má bàa fọ́ gíláàsì.

Ní etíkun

Te Amo, etíkun oníyanrìn tó wà nítòsí pápákọ̀ òfurufú, dára fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ lọ ní òwúrọ̀, kí ẹ sì kọ́kọ́ dúró wo omi kí ẹ tó kan irinṣẹ́ kankan. Níbo ni ìgbì ti ń fọ́? Ìhà wo ni omi ń ṣàn sí lára bọ́ọ̀yà tó léfòó lókèèrè? Àwọn àgbà ní òkun kì í hó ruru kí á wà á ruru. Bí afẹ́fẹ́ bá ti yí padà tó ń fẹ́ láti ìwọ̀ oòrùn, tí ìgbì ń lu etíkun, ẹ padà sílé ọjọ́ náà, òkìtì iyùn ò sá lọ.

Ẹ jókòó pẹ̀lú ẹnìkejì yín, kí ẹ sọ bí nǹkan ṣe máa lọ: báwo ni ẹ ṣe máa jìn tó, ìṣẹ́jú mélòó, ta ló máa síwájú, àmì ọwọ́ wo lẹ máa lò. Ẹ kọ́kọ́ lúwẹ̀ẹ́ kọjú sí ìṣàn nígbà tí agbára ṣì wà lára, kó lè jẹ́ pé ìṣàn náà ló máa gbé yín bọ̀ wá sílé. Sìlíńdà tó kún máa ń wà ní bíi 200 bar, ìwọ̀n tí a fi ń mọ agbára afẹ́fẹ́ inú rẹ̀. Bí géèjì ẹnikẹ́ni nínú yín, ohun tó ń fi ìwọ̀n náà hàn, bá ti dé 120, ẹ yí padà. Ẹ gbọ́dọ̀ jáde nínú omi pẹ̀lú ó kéré tán 50.

Lẹ́yìn náà, ẹ yẹ ara yín wò lẹ́nìkínní-kejì. Ṣé jákẹ́ẹ̀tì ń gba afẹ́fẹ́, ó sì ń tú u? Ṣé òjé so dáadáa, ó sì ṣeé tú ní kíá? Ṣé ìdè sìlíńdà le? Ṣé ẹnu sìlíńdà ṣí tán pátápátá? Ẹ mí nínú regulator ní ìgbà mẹ́ta kí ojú yín sì wà lára géèjì. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ń jó sókè sódò, sìlíńdà kò tíì ṣí tán. Ẹ wo regulator kejì tó wà fún pàjáwìrì, kí ẹ mọ ibi tí ti ẹnìkejì yín wà.

Ẹ rìn wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara yín, ẹ máa wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ dípò kí ẹ gbé e sókè, kí ẹja tó bá sin ara rẹ̀ sínú yanrìn lè gbọ́ kó sì sá. Nígbà tí omi bá dé àyà, ẹ fọn afẹ́fẹ́ díẹ̀ sínú jákẹ́ẹ̀tì, ẹ di ara yín mú, kí ẹ wọ bàtà lẹbẹ. Ẹ wẹ̀ lójú omi lọ sí ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀yà. Kí ẹ tó rì, ẹ bojú wẹ̀yìn wo ilẹ̀, ẹ mú ilé tàbí igi kan sọ́kàn, kí ẹ sì wo kọ́ńpáàsì láti mọ ìhà tí ẹ máa kọjú sí nígbà ìpadàbọ̀. Ìlà oòrùn ni ilé máa ń wà ní apá Bonaire yìí.

Rírì, etí àti èémí

Ibí yìí ló ń dẹ́rù ba ènìyàn jù. Lójú omi, ìwúwo atẹ́gùn ayé kan ló wà lórí wa. Ní 10 mítà, ó ti di ìlọ́po méjì; ní 20 mítà, ìlọ́po mẹ́ta. Ẹ wò ó pé inú mítà 10 àkọ́kọ́ ni ìyípadà náà ti tóbi jù lọ, òun ló fà á tí etí fi ń yọ ènìyàn lẹ́nu kété tó bá rì, tí kì í sì í yọ ọ́ lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ mọ́ nísàlẹ̀.

Ẹ fi ẹsẹ̀ ṣíwájú, ẹ má fi orí rì. Ẹ fún imú pa, kí ẹ fẹ́ atẹ́gùn jẹ́jẹ́ títí etí máa fi dún pọ́. Ẹ ṣe é lójú omi kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì máa tún un ṣe kí ẹ tó rì ní mítà kan sí i. Ẹ má dúró de ìrora. Bí etí bá ti dùn yín, ẹ ti pẹ́ jù. Ẹ gòkè díẹ̀ títí tí ìrora á fi lọ, ẹ tún gbìyànjú. Bí kò bá ṣí, ìmòòkùn ti parí fún ọjọ́ náà nìyẹn. Ẹni tó bá fi agbára fẹ́ ẹ lè ya awọ etí rẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí ọ̀fìnkìn bá ń ṣe yín, ẹ má wọ omi rárá, ẹ má sì lo oògùn tó ń la imú kí ẹ lè rì, torí agbára oògùn náà lè tán nígbà tí ẹ wà nísàlẹ̀, etí á wá dí nígbà tí ẹ bá ń bọ̀ lókè.

Òfin kan ju gbogbo òfin lọ: ẹ má ṣe sé èémí. Atẹ́gùn tí ẹ bá fà sínú ní 10 mítà á fẹ̀ di ìlọ́po méjì kí ẹ tó dé òkè. Bí ọ̀nà ọ̀fun bá ṣí, á gba ibẹ̀ jáde. Bí ẹ bá sé e mọ́, ẹ̀dọ̀fóró á fẹ̀ bíi bàlúùn títí tó fi máa ya, afẹ́fẹ́ lè wọ inú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè pa ènìyàn kódà láti inú omi tí kò jìn. Bí regulator bá bọ́ lẹ́nu yín, ẹ máa tú èémí síta díẹ̀díẹ̀ títí ẹ máa fi rí i mú padà.

Ẹ máa mí bí ẹni tó fẹ́ sùn. Ẹ fà á wọlé pẹ̀lẹ́, ẹ tú u síta kó pẹ́ ju bí ẹ ṣe fà á lọ. Ẹ máa rí i pé bí ẹ bá fà á wọlé, ara yín á gbéra díẹ̀. Bí ẹ bá tú u jáde, á lọ sílẹ̀. Kì í ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó máa ń gba bíi ìṣẹ́jú àáyá méjì. Ẹni tó bá mọ èyí kò tún ní máa fi ọwọ́ tẹ bọ́tìnì jákẹ́ẹ̀tì ní gbogbo ìgbà, èémí rẹ̀ nìkan á tó láti gbé e kọjá lórí orí iyùn kó sì sọ̀ kalẹ̀ lódì kejì. Ẹ na ara yín gbọọrọ, ẹ ká ọwọ́ méjèèjì mọ́ àyà, ẹ tẹ eékún kí ẹ sì máa gbá omi sẹ́yìn bíi ọ̀pọ̀lọ́, kó má jẹ́ sísàlẹ̀. Yanrìn tí bàtà lẹbẹ bá tú sókè á balẹ̀ sórí iyùn, ó sì ń fún un pa. Ẹ so géèjì àti regulator kejì mọ́ra kí wọ́n má máa wọ́ nílẹ̀. Ẹ dúró ní mítà kan sí òkìtì náà. Ojú á ṣì rí gbogbo rẹ̀, pàápàá torí pé omi ń mú kí nǹkan tóbi sí i lójú awò.

Ohun tí ẹ máa rí, àti bí ẹ ṣe máa wò ó

Yanrìn funfun lẹ máa kọ́kọ́ bá. Ẹ má ṣe sáré kọjá rẹ̀. Àwọn ẹja tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n yọ ìdajì ara jáde láti inú ihò, tí gbogbo wọn ń mì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá sún mọ́ wọn jù, wọ́n á wọlé lọ pátá. Lẹ́yìn èyí ni iyùn ẹlẹ́ka tó jọ ìwo àgbọ̀nrín. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti kú káàkiri Kàríbíánì láti bí ọdún 1980 sí i, ohun tí ẹ máa rí níbí sì ṣeyebíye. Ẹ tún lè rí ohun tó dà bí igi tí wọ́n fi páìpù ṣe, tí ẹ̀ka iyùn so rọ̀ sí: ibẹ̀ ni àjọ Reef Renewal ti ń tọ́ iyùn kí wọ́n tó lọ gbìn ín padà.

Ní nǹkan bíi 10 mítà, ilẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sí ìsàlẹ̀. Ẹ̀bá ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ dúró sí. Akẹ́kọ̀ọ́ kì í mọ̀ pé òkè yìí ló lárinrin jù: ìmọ́lẹ̀ ṣì pọ̀, àwọ̀ pupa kò tíì pòórá tán, afẹ́fẹ́ sìlíńdà sì ń pẹ́ ju bó ṣe ń pẹ́ ní 18 mítà lọ. Àwọn òkìtì ribiti tí ẹ rí yìí, ẹ̀dá alààyè kéékèèké ló kọ́ ọ, wọ́n ń fi ohun tí wọ́n fà nínú omi mọ òkúta yí ara wọn ká. Inú ara wọn ni ewé òkun tí ojú kò lè rí ń gbé, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn se oúnjẹ fún wọn. Nígbà tí omi bá gbóná jù, wọ́n á lé ewé náà jáde, iyùn á funfun, bí ó bá sì pẹ́ bẹ́ẹ̀, á kú. Òkìtì ribiti kì í sábà dàgbà ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ́dún. Èyí tó ga tó ọmọ ọdún mẹ́wàá ti wà níbẹ̀ ṣáájú kí a tó bí bàbá bàbá wa. Ìgbá ẹsẹ̀ kan péré ló máa fọ́ ọ.

Ẹ tẹ́tí sílẹ̀. Ìró tí ẹ ń gbọ́ pé ń rún nǹkan jẹ, parrotfish ni, ẹja aláwọ̀ mèremère tó ní ẹnu bí ti ẹyẹ ayékòótọ́. Ó ń fi eyín ha ewé òkun kúrò lára òkúta, ó ń rún iyùn tó ti kú mọ́ ọn, ó sì ń yàgbẹ́ yanrìn. Púpọ̀ nínú yanrìn funfun tí ẹ rìn lórí rẹ̀ wá láti ibẹ̀. Láìsí i, ewé òkun á bo iyùn mọ́lẹ̀. Òòrẹ̀ òkun, ẹ̀dá dúdú ẹlẹ́gùn-ún gígùn, ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, ṣùgbọ́n àìsàn kan pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ní gbogbo Kàríbíánì ní 1983 àti 1984. Ìjàpá òkun wọ́pọ̀ níbí. Bí ẹ bá rí ọ̀kan, ẹ má lé e. Ẹ dúró, ẹ jẹ́ kó máa jẹun lọ, òun fúnra rẹ̀ lè wá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.

Ẹ máa rí iyùn tí ara rẹ̀ ti bó funfun lójú ibì kan, tí ìyókù sì ṣì láwọ̀. Láti ọdún 2023 ni àrùn kan tó ń jẹ ẹran ara iyùn líle ti wọ Bonaire, ó ń pa iyùn tó ti dàgbà fún ọgọ́rùn-ún ọdún láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ó dùn mí púpọ̀. Àwa amòòkùn lè ran án kiri, nítorí náà bí STINAPA bá ní ibì kan ti di títì, ẹ má lọ síbẹ̀, kí ẹ sì fi oògùn apakòkòrò tí wọ́n gbé sí ilé iṣẹ́ ìmòòkùn fọ irinṣẹ́ yín.

Ẹ má fọwọ́ kan ohunkóhun. Iyùn oníná, tó ní àwọ̀ mọ́sítádì, máa ń jó ara. Lionfish, ẹja alálà pupa tó wá láti òkun mìíràn, ní oró nínú ẹ̀gún ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ó bá gún ènìyàn, omi gbígbóná tí ara lè gbà ni kí ẹ ki ibẹ̀ bọ̀ nígbà tí ẹ bá ń wá dókítà. Ẹ má sì mú àfọ́kù iyùn lọ sílé, kódà èyí tó ti kú sí etíkun. Ìwé àṣẹ àgbáyé ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e, wọ́n á sì gbà á ní pápákọ̀ òfurufú. Iyùn pupa tí àwọn ọba àti ìyàwó wa ń so mọ́rùn, ìran mìíràn ni, òkun Mẹditaréníà ni wọ́n ti ń wa á.

Gígòkè

Nígbà tí ẹ bá ti yí padà, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ gbé yín gòkè díẹ̀díẹ̀. Ẹ má kọjá mítà 9 láàárín ìṣẹ́jú kan. Náítírójìn tó ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara nílò àsìkò láti jáde. Bí ẹ bá sáré, á hó nínú ara. Ní mítà 5, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 3. Ẹwà Bonaire ni pé orí yanrìn lẹ máa wà ní àkókò yẹn, pẹ̀lú ẹja tí ẹ lè máa wò. Bí ẹ kò bá rí ẹnìkejì yín mọ́, ẹ wá a fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ gòkè, ẹ máa pàdé lójú omi. Bí afẹ́fẹ́ bá tán, ẹ na ọwọ́ sí regulator kejì ti ẹnìkejì yín, ẹ di ara yín mú, kí ẹ jọ gòkè. Ìdí nìyí tí ẹ kò fi gbọdọ̀ jìnnà síra.

Kí ẹ tó jáde, ẹ bọ́ bàtà lẹbẹ nínú omi tó dé àyà, ṣùgbọ́n ẹ má yọ regulator lẹ́nu títí ẹ máa fi dúró dáadáa, torí ìgbì kékeré lè tì yín ṣubú.

Lẹ́yìn náà

Ẹ mu omi púpọ̀, ẹ sinmi fún wákàtí kan ó kéré tán kí ẹ tó tún wọlé, ẹ sì jẹ́ kí ìmòòkùn kejì má jìn tó ti àkọ́kọ́. Bí oríkèé bá ń ro ẹnikẹ́ni, tí ara rẹ̀ ń kú tipiri, tí òòyì ń kọ́ ọ, tàbí tó ń rẹ̀ ẹ́ lọ́nà tí kò bá iṣẹ́ tó ṣe mu, ẹ má ní kó lọ sùn. Ẹ fún un ní ọ́síjìn, ẹ pe ọkọ̀ aláìsàn.

Ẹ kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ òfurufú títí wákàtí 18 fi máa kọjá lẹ́yìn ìmòòkùn ìkẹyìn, bí ẹ bá ti ń mòòkùn fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ fi ọjọ́ ìkẹyìn sílẹ̀ fún orí ilẹ̀. Ní gúúsù erékùṣù náà, lẹ́bàá àwọn adágún iyọ̀, ilé òkúta kéékèèké wà tí wọ́n kọ́ ní 1850 fún àwọn ẹrú tí wọ́n ń wa iyọ̀, tí ẹnu ọ̀nà wọn kò ga ju ìbàdí ènìyàn lọ. Ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni àwọn baba ńlá àwọn tó sùn síbẹ̀. Ẹ dúró níbẹ̀ díẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ ohun tó jìn sí i nígbà tí ẹ bá padà wá, ọkọ̀ Hilma Hooker tó rì ní 1984 dùbúlẹ̀ sí nǹkan bíi 30 mítà lórí yanrìn. Ìwé ẹ̀rí Open Water kò dé ibẹ̀. Ẹ gba ẹ̀kọ́ tó tẹ̀ lé e lọ́dọ̀ olùkọ́ lórí erékùṣù náà, ó máa ń gba ìmòòkùn márùn-ún, kí ẹ sì fi Hilma Hooker ṣe ọ̀kan nínú wọn.